Láti Ìwé Àfọwọ́kọ dé Ọwọ́ Òǹkàwé: Ohun tí Ó Yẹ kí Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ Yorùbá Mọ̀

Ìfáárà

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, kò ṣọ̀wọ́n láti rí ẹni tí ó ní ìtàn àròsọ kan tí ó ti kọ pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ di ìwé. Kì í ṣe àìní ẹ̀bùn ni ó ń fa èyí ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ kò mọ ohun tí olóòtú ń wò lára ìwé àfọwọ́kọ, àwọn mìíràn sì ti sọ kálámù sílẹ̀ nítorí pé wọ́n dá iṣẹ́ wọn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó la ọ̀nà yìí. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1938. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ Kúyẹ̀ (1964), olùkọ́ sì ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó kọ Ó Le Kú (1974).

Ọgbọ́n Ìkọ̀tàn

Àléébù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé ni pé gbogbo ẹ̀dá ìtàn wọn a máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún méjìdínlógún yóò pa òwe mẹ́ta kí ó tó béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹṣin méjìlá bá kún inú yàrá kan, àlejò kò ní rí ibi jókòó sí. Ó yẹ kí òwe ti ẹnu ẹni tí ó yẹ kí ó pa á jáde, ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ka Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yóò rí i pé ohùn Lápàdé kì í ṣe ohùn Tàfá Ìgíripá. Bí a bá tilẹ̀ fi ọwọ́ bo orúkọ wọn, a ó ṣì mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìdánwò tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣe fún ìsọ̀rọ̀gbèsì tirẹ̀ náà nìyẹn.

Àléébù kejì ni kí òǹkọ̀wé máa ròyìn ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn. Bí ó bá kọ ọ́ pé, 'Inú bí ìyá oníṣòwò náà gidigidi', òǹkàwé gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Bí ó bá kọ ọ́ pé ìyá náà da gààrí tí ó ti wọ̀n tán padà sínú àpò, tí ó di ẹnu àpò náà, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí oníbàárà, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá inú bí i. Àwọn mìíràn tún máa ń sọ ìtàn di ìwàásù: olè gbọ́dọ̀ kú ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, ọmọ rere gbọ́dọ̀ di gómìnà. Òǹkàwé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ojú ìwé kejì, kò sì sí ìdí tí yóò fi ka ìyókù.

Ti àmì ohùn kò gba àlàyé púpọ̀. 'Ó ta ọkọ rẹ̀' lè jẹ́ ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Bí a kò bá fi àmì sí i, obìnrin náà ti ta baálé rẹ̀ nìyẹn. Olóòtú tí ó bá rí irú èyí ní ojú ìwé kìíní kì í sábà dé ojú ìwé kẹta.

Wíwá Ẹni tí Yóò Tẹ Ìwé Náà

Atẹ̀wé yàtọ̀ sí atẹ̀wétà. Atẹ̀wétà a máa fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, a máa tà á, a sì máa san ìdá kan nínú owó rẹ̀ fún òǹkọ̀wé; nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ mú owó wá, iṣẹ́ ìtẹ̀wé lásán ni ó fẹ́ ṣe, ohunkóhun tí ì báà kọ sí ara pátákó rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fúnra rẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ jáde, bí ó bá ti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Kí ó gba nọ́ńbà ISBN ní Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà, kí ó sì wá olóòtú tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí olùkọ́ tẹ ìwé tán kí ó wá fi máàkì halẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè rà á. Ìwé tí a fi tipátipá tà kò ní òǹkàwé, àwọn tí ó rà á nìkan ni ó ní.

Kí òǹkọ̀wé ka àdéhùn dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí i. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí ìwé ìtàn wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó bá gba owó kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì yọwọ́ pátápátá, ogún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó tà.

Nígbà tí Wọ́n Bá Dá Iṣẹ́ Padà

Ọ̀nà mẹ́ta ni èsì yìí sábà máa ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó tọ́ kí òǹkọ̀wé kọ lẹ́tà ìránnilétí kan, kí ó sì mú ẹ̀dà mìíràn lọ sí ibòmíràn. Èkejì ni lẹ́tà tí ó ń tọ́ka sí àléébù. Èyí ni ó ń dunni jù, òun náà ni ó sì ní èrè jù, nítorí pé ẹnìkan ti ka ìwé náà délẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó sọ pé ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yóò kà. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyí, kì í ṣe ìdájọ́ lórí iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn tí ń yan ìwé fún ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ọjà ìwé ìtàn Yorùbá wà, ìdí nìyẹn tí atẹ̀wétà fi ń ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè wá ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti kọ́kọ́ gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń kọ lẹ́tà, kí ó tó di ìwé.

Amos Tutuola kò kọ̀wé ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ wúlò níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní òpin àwọn ọdún 1940, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Ó kọ òmíràn, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí ń tẹ̀wé. Àwọn náà kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi han Faber and Faber, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1952. Ti àkọ́kọ́ tí wọ́n rà tí wọn kò tẹ̀ kò kúrò ní ìwé àfọwọ́kọ títí di ọdún 1982.