Ta Ni Ó Ni Ọ̀pá Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ó bá wà nínú yín ẹni tí kò tíì gbọ́ "Ẹ padà wá lọ́la" rí ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kankan, kí ó yára dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ti àwa tí à ń kọ̀wé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ilé ìfowópamọ́ tí à ń bá lò ránṣẹ́ sí wa pé orúkọ wa tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn kò bá èyí tí ó wà lára nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa mu. Ẹni tí ó tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ ti fo lẹ́tà kan, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti di ẹlòmíràn lójú òfin. Bí a kò bá tún un ṣe, a kò ní lè fọwọ́ kan owó wa mọ́. A gba ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́, a sì gba ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ní ọjọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí i kò sí ní ìjókòó. Ní ọjọ́ kẹta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ọ̀gá wà, fọ́ọ̀mù ni ó tán. Obìnrin kan tí ó gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sí ẹ̀gbẹ́ géètì ni ó ń ta fọ́ọ̀mù náà, bẹ́ẹ̀ ni a sì kọ ọ́ gàdàgbà sí orí rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. A sanwó, a rà á, a kò sì sọ ohunkóhun. Ìgbà tí a ó fi kọ ọ́ tán, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú, kí a padà wá lọ́la.

Ọjọ́ kẹrin ni a tó gbọ́n. Kí ojúmọ́ tó mọ́ gaara ni a ti dé ẹnu géètì, a sì mú ìwé kan lọ́wọ́ tí a ó máa kà. A ṣèbí àwa ni a ó ṣáájú. Àṣé àwọn ẹlòmíràn ti sun oorun àjí-sùn-jí níbẹ̀. Ọkùnrin kan ya ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ, ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá dé sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó rán an. Àwọn tí ó ń dúró ni wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe òfin náà, tí wọ́n sì ń pa á mọ́. Nọ́ńbà 47 ni ó kàn wá.

Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa ni A Man of the People, ìtàn àròsọ tí Chinua Achebe kọ, tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ó ti kọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀: Things Fall Apart ní ọdún 1958, No Longer at Ease ní ọdún 1960, àti Arrow of God ní ọdún 1964. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí inú ilé ẹ̀kọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni Odili tí ó ń sọ ọ́. Olóyè Nanga, ẹni tí ó kọ́ Odili ní ìwé nígbà kan rí, ti di mínísítà, ó sì ń bọ̀ wá kí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ to àwọn olùkọ́ sí ìlà bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní láti kí i káàbọ̀. Odili kórìíra gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nanga rántí orúkọ rẹ̀ láàárín èrò, tí ó sì pè é wá sí ilé rẹ̀ ní olú-ìlú, inú tí ó ti le bí okúta bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀.

Ibi tí a kà dé nígbà tí oòrùn yọ ni ìtàn Josiah oníṣọ́ọ̀bù. Afọ́jú alágbe kan wà ní ìlú náà, Azoge ni orúkọ rẹ̀. Josiah pè é wọlé, ó fún un ní oúnjẹ àti ẹmu. Bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́, Josiah mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi òmíràn tí ó jọ ọ́ rọ́pò. Oògùn ni ó fẹ́ fi ṣe, kí àwọn oníbàárà lè máa ra ọjà rẹ̀ bí ẹni tí kò ríran. Azoge fọwọ́ kan ọ̀pá náà, ó mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ó sì kígbe. Gbogbo ìlú péjọ. Wọn kò pe ọlọ́pàá, wọn kò kọ ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n kàn dẹ́kun láti máa ra ọjà lọ́wọ́ Josiah ni, tọmọdé tàgbà, kò sì pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà fi kógbá sílé.

Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì wo èèpo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí fún ọdún púpọ̀," ni ó wí. "Ibo lo kà dé, ọmọ mi?"

"Ibi ọ̀pá afọ́jú ni, Màmá."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Orúkọ tirẹ̀ náà ni wọ́n kọ sódì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ti há sí ibi kan nítorí rẹ̀. Ìgbà kẹfà rẹ̀ nìyí. Ó fi orí ìka rẹ̀ hàn wá níbi tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àjákọ náà: nọ́ńbà 12. Ó ní, "Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀pá tèmi lónìí."

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n ti pe nọ́ńbà 9, ọwọ́ sì dúró. Òṣìṣẹ́ kan jáde wá fẹ́ atẹ́gùn, ó wò wá títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn?" A ní àwa ni. Ó ní, "Háà! Ẹ sì jókòó síta? Ẹ wọlé, ẹ jọ̀wọ́." A dìde, a sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fún wa ní àga lábẹ́ fáànù àti omi tútù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti dá lẹ́tà kan ṣoṣo náà padà sí ààyè rẹ̀, ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá yìí kan náà ni kò sí ní ìjókòó ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a jáde, bẹ́ǹṣì náà ṣì kún. Màmá ṣì wà níbẹ̀, àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ìwé lọ́wọ́ wa.

"Ó ti bọ́ sí i, ọmọ mi?"

"Ó ti bọ́ sí i, Màmá."

"O kú oríire o."

A dúpẹ́, a sì lọ. A ti rìn dé ọ̀dọ̀ obìnrin oní-fọ́tòkọ́pì kí ọ̀rọ̀ náà tó gún wa láyà. Àwọn mẹ́tàdínlógójì ni ó wà láàárín nọ́ńbà 9 àti nọ́ńbà 47. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ọ̀pá lọ́wọ́, àwa ni a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Omi tútù ni wọ́n fi gba tiwa, bí Josiah ti fi oúnjẹ àti ẹmu gba ti Azoge.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Nígbà tí a bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, Nanga ni a máa ń nàka sí. A óò máa wí pé, "Ẹ ò rí àwọn olóṣèlú!" Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Odili ni Achebe ti mú wa. Odili tí ó kẹ́gàn mínísítà lánàá ni ó sùn nínú ilé oníyàrá méje tí ìjọba kọ́ fún mínísítà lónìí, tí ó sì jẹ́wọ́ lórí ibùsùn náà pé bí ó bá jẹ́ òun ni, òun náà kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ láéláé. Àwọn àgbà ní, bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, fáànù kan àti àga kan ti tó láti mú kí a gbàgbé bẹ́ǹṣì.

Ìbéèrè tí ó wà ní ìdí ìwé náà ni ìbéèrè ẹni tí ó ni ín. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí olóhun ńkọ́? Ní ìlú Josiah, gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀pá Azoge ni ọ̀pá àwọn, nítorí náà ni ọ̀ràn náà ṣe kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di owó orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tí ó kà á sí tirẹ̀. Aráàlú kan náà tí ó pa ṣọ́ọ̀bù Josiah rẹ́ ni ó ń pàtẹ́wọ́ fún Nanga, tí ó ń wí pé kí ó jẹ, kí ó ṣáà rántí àwọn. Nígbà tí ó sì di àkókò ìbò nínú ìtàn náà, Josiah tí wọ́n lé ti padà dé. Òun ni ó nàka sí Odili láàárín èrò kí wọ́n lè lù ú.

Ìparí ìwé náà burú: wọ́n fi ọkọ̀ pa ọ̀rẹ́ Odili ní ọjọ́ ìdìbò, àwọn jàǹdùkú gba ìgboro, àwọn ológun sì gba ìjọba. Oṣù tí ìwé náà jáde gan-an ni àwọn ológun gba ìjọba ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, títí tí àwọn kan fi ń fura pé Achebe mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe àjèjì sí nílẹ̀ Yorùbá? Ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù kẹwàá ọdún 1965 ti dá "Wẹ́tiẹ̀" sílẹ̀, a ti ń da epo bẹntiróòlù sí ilé ara wa lórí kí ìbọn tó dún. Kì í ṣe ìbọn ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí a kò pa mọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀, ìwé orúkọ tí ẹni tí ó lágbára ń fò kọjá.

Òfin kò wọ́n wa. Láti ọdún 1975 ni a ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí aráàlú lè mú ẹ̀sùn lọ bá nípa iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ dá SERVICOM sílẹ̀, pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ fún aráàlú irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àkókò tí yóò gbà, àti iye tí yóò ná a. Ohun tí ó wọ́n wa ni ẹni tí yóò sọ pé, "Èmi ni mo ni ín."

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́: bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí, ẹ má ṣe dúró lórí ìwà Nanga nìkan fún ìdánwò. Ẹ bi wọ́n ní ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibi ẹ̀rọ omi láàárọ̀, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ pọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ẹ máa ń tọ aṣáájú yín lọ pé kí ó bá yín kọ ìwé pélébé kan sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ rántí pé ìwé pélébé yẹn ń ti ẹnì kan sẹ́yìn. Bí ó bá tún wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í léèrè ọ̀nà àti iná, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pẹ̀lú pé ọjọ́ wo ni ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni yóò wọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí yóò sì jáde pẹ̀lú ohun tí ó bá lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a padà lọ sí ẹnu géètì náà. A kò bá Màmá níbẹ̀, a kò sì gbọ́ bí tirẹ̀ ti já sí. Ọkùnrin kan ti ń ya ojú ewé mìíràn nínú ìwé àjákọ. Ó bi wá bóyá kí òun kọ orúkọ wa. A ní rárá, àwa ti ṣe tiwa. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ kú oríire."