Téèpù Ló Ṣáájú Maṣíìnì

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN Òkukù, tàbí ọmọ iléèwé ní Ìkìrun àti Inísà, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, kò tíì yẹ kó sáré ra maṣíìnì. Ìdí téèpù ni Ańkárá oníbàárà ti ń bàjẹ́. Bí àyà èèyàn bá jẹ́ ínǹṣì 40, tí wọ́n pín in sí mẹ́rin, 10 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gé 10 géérégé ti dáràn: abẹ́rẹ́ máa jẹ nínú ẹ̀, oníbàárà náà sì gbọ́dọ̀ lè mí! Ínǹṣì kan fún ibi tí wọ́n máa rán, ìdajì sí i kó má baà fún, ó di 11 àtààbọ̀. Èyí tó bá tóbi ṣeé rán wọlé. Èyí tó kéré, àfi kí wọ́n san owó aṣọ. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi kọ́ gígé.