Ta Ni Yóò Gba Ife? Ọ̀rọ̀ Àsọtẹ́lẹ̀ Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ ní Woolwich àti Thamesmead

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n ó lè kan owó ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹfà bá ti wọlé, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì tí ó kù nínú ìdíje NBA ti Amẹ́ríkà bá fẹ́ kojú ara wọn fún ife, àwọn ọmọ Yorùbá láti Beresford Square ní Woolwich títí dé etí adágún Southmere ní Thamesmead a máa di aríran. Ẹni tí kò ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ rí láyé rẹ̀ a sọ fún yín pé eré mẹ́fà ni wọn yóò gbá, kò ní lé kan. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀, á ní, "Ṣé ẹ kò rí i pé ọmọ wa wà níbẹ̀ ni?"

Òru ni wọ́n ń gbá eré náà. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù ní New York, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ mọ ohun tí a ń wí. A ó jókòó yí ẹ̀rọ kan ká, ẹni mẹ́fà tàbí méje nínú yàrá tí ẹnì kan ń san owó rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pariwo, nítorí ògiri ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kò nípọn, aládùúgbò ẹni sì lè ní iṣẹ́ àárọ̀. Inú òru bẹ́ẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ti ń dùn, òru bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọwọ́ ti ń yára kan fóònù láti ta tẹ́tẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Bọ́ọ̀sì tí ń gba Thamesmead àti Woolwich kọjá ń dé North Greenwich, níbi tí gbọ̀ngàn O2 wà. Níbẹ̀ ni New Jersey Nets àti Toronto Raptors ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹta 2011, ìgbà àkọ́kọ́ tí NBA gbé eré tí a ń kà mọ́ ìdíje ọdún wá sí ilẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Àṣekágbá NBA kò dà bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo parí ní Wembley. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú eré méje ni ó gba ife. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹgbẹ́ kan lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè na èkejì ní ìgbà 6 nínú 10. Bí ó bá jẹ́ eré kan ṣoṣo ni, ọ̀lẹ ṣì ní ìgbà 4 tirẹ̀ nínú 10. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pàdé títí ẹnì kan fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin, alágbára yóò gba ife náà ní nǹkan bí ìgbà 71 nínú 100. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ẹ mú bírò, ẹ ó bá a bẹ́ẹ̀. Eré méje ń fún ẹni tí ó sàn jù láyè láti fi ara rẹ̀ hàn, ìdí sì nìyí tí àsọtẹ́lẹ̀ fi nítumọ̀ díẹ̀ nínú eré yìí ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Síbẹ̀, 29 ṣì kù nínú 100 náà, kò sì sí ẹni tí í fẹ́ rántí rẹ̀.

Ẹni tí ó sọ alápẹ̀rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ilé fún wa ni Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963. Bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń gbá ní ilé-ìwé Muslim Teachers College, kí wọ́n tó fi alápẹ̀rẹ̀ hàn án. Ní 1984, òun ni Houston Rockets mú ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tí ó jáde lọ́dún náà. Michael Jordan gan-an, ipò kẹta ni ó wà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1994, Houston pàdé New York Knicks ní àṣekágbá, Patrick Ewing sì ni òpó New York. Àwọn tí ń ka ìwé ìtàn ní Ewing ni yóò borí, nítorí òun àti Georgetown ni wọ́n na Ọlájùwọ́n ní àṣekágbá àwọn yunifásítì ní 1984.

Houston gba ti kìíní, New York gba èkejì. Houston gba ẹ̀kẹta, New York gba ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún. Ó wá ku eré méjì, ọ̀kan péré ni New York ń wá nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ilé Houston ni wọn yóò ti gbá méjèèjì. Ní ìparí ẹ̀kẹfà, Houston fi àmì méjì ṣíwájú, John Starks ti New York sì fò sókè láti òkèèrè. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá wọlé, àmì mẹ́ta ni, ife ti lọ. Ìka ọwọ́ Ọlájùwọ́n ni ó kàn án lójú ọ̀run. 86 sí 84. Àmì 27 ni Starks jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń jó bí iná. Ta ni kì bá sọ pé òun ni yóò gba eré keje fún wọn? Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, Starks kan náà ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, méjì péré ni ó wọlé. Houston borí pẹ̀lú 90 sí 84. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹni tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ eré méje ní ọjọ́ kìíní ti fi gbogbo ọrọọrún náà dá ẹ̀ẹ̀kan.

Ní 1995, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Eré 47 péré ni Houston borí nínú 82 lọ́dún náà, ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n na Utah tí ó borí 60, wọ́n na Phoenix tí ó borí 59, wọ́n na San Antonio tí ó borí 62. Ní àṣekágbá, Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ni wọ́n bá pàdé, èyí tí ó borí 57. Kò sí ẹni tí yóò fi ìwé ìṣirò lásán yan Houston. Ní eré kìíní, Orlando fi àmì mẹ́ta ṣíwájú, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ó kù, Nick Anderson sì ní bọ́ọ̀lù mẹ́rin láti jù lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ó pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kenny Smith dọ́gba eré náà fún Houston, Ọlájùwọ́n sì fi ọwọ́ tì í wọlé ní ìparí àfikún àkókò. Houston gba mẹ́rin, Orlando kò gba ẹyọ kan. Àwọn kan ń wí lónìí pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí Clyde Drexler dé sí Houston ní oṣù kejì ọdún náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn tí Drexler dé, Houston kò fi bẹ́ẹ̀ borí títí ìdíje fi parí. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n ti dé ibẹ̀ rí, Orlando kò dé ibẹ̀ rí.

Bí ọmọ wa ti ń borí, bẹ́ẹ̀ náà ni àsọtẹ́lẹ̀ lórí ọmọ wa máa ń kùnà. Michael Olowokandi, tí wọ́n bí ní Èkó tí ó sì dàgbà níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ Brunel University ní London ni nígbà tí ó fi tẹlifóònù pe University of the Pacific ní California ní 1995 pé òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1998, Los Angeles Clippers mú un ní ipò kìíní, ṣáájú Dirk Nowitzki àti Paul Pierce. Pierce gba ife ní 2008, Nowitzki gba tirẹ̀ ní 2011. Olowokandi kò dé àṣekágbá rí. Síbẹ̀ a ó máa kan sáárá sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó lè gbé tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ yẹn?

Ọ̀rọ̀ tí ó mú wa kọ ìwé yìí gan-an ni ti 2021. Milwaukee Bucks pàdé Phoenix Suns, Giannis Antetokounmpo sì wà ní Milwaukee. Ẹ mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ náà. Gíríìsì ni wọ́n ti bí i ní 1994, bí wọ́n sì ti ń kọ orúkọ ní èdè tiwọn ni ó sọ ọ́ dà báyìí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, mú £450, owó ilé oṣù kan gbáko, ó fi ta tẹ́tẹ́ pé Milwaukee ni yóò gba ife. Orúkọ nìkan ni ó wò. Kò wo orúnkún, bẹ́ẹ̀ ni Giannis ti fi orúnkún ṣèṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, eré kìíní sì jẹ́ ọjọ́ 6 oṣù keje.

Milwaukee pàdánù ti kìíní, wọ́n pàdánù èkejì. Arákùnrin wa kò lè sùn mọ́. Onílé ń béèrè owó, ilé tẹ́tẹ́ sì ń fi í lọ̀ ọ́ lórí fóònù pé bí ó bá fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, àwọn yóò dá £240 padà fún un. Ó gbà á. Lẹ́yìn èyí ni Giannis jẹ àmì 41 ní eré kẹta, Milwaukee sì borí lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Ní eré kẹfà, tí ó parí sí òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù keje lọ́dọ̀ wa, àmì 50 ni ó jẹ nìkan. Ife àkọ́kọ́ Milwaukee láti 1971 ni. Àsọtẹ́lẹ̀ arákùnrin wa ṣẹ pátápátá, £210 rẹ̀ sì lọ. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ní àsìkò ẹ̀kọ́ mọ ohun tí £210 jẹ́: ní owó iṣẹ́ tí ó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún náà, £8.91 fún wákàtí kan, ó ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ.

A kò bínú sí i. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn nígbà náà yóò ní ó gbọ́n bí ó ti kúrò, nítorí láti ìgbà tí NBA ti ń gbá àṣekágbá, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni ó tíì pàdánù eré méjì àkọ́kọ́ tí ó sì gba ife. Milwaukee ni ó ṣe ìkarùn-ún. Ohun tí ó dùn wá ni pé eré méje ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ilé kò sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ní owó tí kò nílò lè dúró títí di eré keje. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró, ilé tẹ́tẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń na owó díẹ̀ sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já.

Nítorí náà, ẹni tí tẹ́tẹ́ bá ti ń dà láàmú láàárín wa, kí ó mọ̀ pé ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní GAMSTOP, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní ìwé àṣẹ ní Britain kò gbọdọ̀ gba owó rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́.

Ní ti àṣekágbá tí ń bọ̀, ètò tiwa nìyí. Kí eré kìíní tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹgbẹ́ tí yóò borí àti iye eré tí wọn yóò gbá sórí ìwé kékeré, kí ó fi sínú agolo mílíìkì tí akọ̀wé yóò gbé kalẹ̀. Ẹ wo ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ wo ilé ẹni tí wọn yóò ti gbá eré keje, ẹ wo ẹni tí ó ti dé ibẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ wo orúkọ Yorùbá nìkan, a kò ní bá yín jà. Ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá jìnnà jù ni yóò ra iṣu ní Plumstead, òun náà ni yóò sì gún un.