Ọmọ yín fẹ́ kọ́ sosiólójì? Ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀

Bí èsì bákì bá ti jáde, awuyewuye kan máa ń wáyé nínú ilé púpọ̀ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́. Ọmọ á ní sosiólójì lòun fẹ́ lọ kọ́. Bàbá á ní: “Iṣẹ́ wo nìyẹn?” Ìbéèrè náà tọ̀nà, torí owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́ta kì í ṣe kékeré fún àgbẹ̀ tàbí ìyá tó ń ta gàrí.

Sosiólójì ni ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀: ọ̀rọ̀ ìdílé, ọjà, ẹ̀sìn, oyè àti ìjà ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ọmọ Yorùbá kan, N. A. Fádípẹ̀, ṣe ìwádìí nípa àwùjọ Yorùbá, ó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó ti kú kí wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde ní Ìbàdàn ní 1970. Ní 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú, èyí tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà títí dòní.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì Abomey-Calavi àti ti Parakou, pọ̀ mọ́ antropolójì. Ọdún mẹ́ta ni líséńsì, kírédíìtì 180. Ọmọ á ka ìwé púpọ̀ ní Faransé. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ wò, àti bí wọ́n ṣe ń kọ àbọ̀ ìwádìí.

Kí ni èrè rẹ̀? Wọ́n lè gbé ẹ̀rọ omi wá sí abúlé, kí àwọn obìnrin sì tún máa lọ pọn omi odò. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ á ní kò bàjẹ́. Ẹni tó kọ́ sosiólójì á bèèrè pé: Orí ilẹ̀ ta ni wọ́n gbé e sí? Ta ló ń gba owó omi? Ṣé wọ́n bi àwọn obìnrin kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí owó ìlú ṣòfò.

Àwọn ONG, mérì, ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ka ènìyàn, bíi ti 2013, ń lo irú wọn. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́: iṣẹ́ náà kò kárí gbogbo ẹni tó gba líséńsì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ oṣù díẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Láti ọdún kìíní ni kí ọmọ ti máa kọ́ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ó má sì fi èdè ilé ṣeré. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Fọ̀n àti Faransé dáadáa lè jókòó ti ìyá àgbà lábúlé kó sì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó sọ pé rárá, ẹ bi ọmọ yín pé: kí lo fẹ́ wádìí, kí lo máa kọ́ mọ́ ọn, ta lo rò pé ó máa gbà ọ́ síṣẹ́? Bó bá ti ní èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kó lọ.