Ẹ̀bi Ìjákulẹ̀ Kì í Ṣe Ti Ẹnìkan

Ó ti di àṣà láàrin wa pé bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá fìdí rẹmi, ẹnìkan ṣoṣo ni a ń wá tí a óò di gbogbo ẹ̀bi rù. Àwọn kan a ní kí a lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. Àwọn mìíràn a ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ni kò ní ìtara. Àwa kò fara mọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ D'Tigers wò, àwọn ọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ fún Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2021, nínú eré ìgbáradì ní Las Vegas, wọ́n fi 90 sí 87 borí Amẹ́ríkà, ohun tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò ṣe rí. Ìyìn Mike Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gba ìlú kan. Kí oṣù náà tó parí, Australia ti fi 84 sí 67 borí wọn nínú ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, Jámánì fi 99 sí 92, Ítálì fi 80 sí 71. Wọ́n padà sílé láìborí ẹnikẹ́ni.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ń yan ẹni tí yóò wọ pápá, òun ni ó sì ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n ìdènà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù yóò ti bọ́. Kí olúkúlùkù jẹ́jọ́ iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn aláṣẹ pẹ̀lú ní ìpín tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ìjọba àpapọ̀ yọ wá kúrò nínú ìdíje àgbáyé nítorí aáwọ̀ inú àjọ tí ń ṣàkóso eré náà. Kí ìjọba tó yí ọ̀rọ̀ padà ní oṣù Kẹfà, Mali ti gba ipò àwọn obìnrin wa, D'Tigress, nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ṣìṣe, agbábọ́ọ̀lù kò ṣìṣe. Síbẹ̀ a pàdánù.

Àwa ará Èkìtì ní àpẹẹrẹ nítòsí. Orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé ni pápá ìṣeré Adó-Èkìtì ń jẹ́. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ni ó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992, nínú eré ìje tí ọkùnrin mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọ̀pá bá bọ́ sílẹ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀, à ń bi ẹni tí ó fúnni, à ń bi ẹni tí ó gbà, a sì ń bi ẹni tí ó kọ́ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí pápá, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí ẹ kò kọ́ wọn; lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn láti jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwọn. Bákan náà ni nínú ẹgbẹ́ òṣèlú: olórí tí ó gba ìyìn ní ọjọ́ ìṣẹ́gun kò gbọdọ̀ di ẹrù ọjọ́ ìjákulẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lórí.