Ta Ni Ó Ni Orin? Ìtàn Tí Ó Fara Sin Lẹ́yìn Orin Àtijọ́ Mẹ́ta

Ní ilẹ̀ wa, kò sí apohùn tí a kọ́ yanjú tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìjálá láì júbà. Bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, yóò kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ, yóò sì dárúkọ àwọn tí ó ti ṣáájú kí ó tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtẹríba lásán ni ìbà yìí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀rí ni. Ní ìgbà tí kò sí ìwé, tí kò sí tàdáwà, ìbà ni àwọn baba wa fi ń fi hàn pé orin kì í ṣe ohun tí a rí he lójú ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹ̀rọ giramafóònù dé etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n gba ohùn sínú àwo, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sì kù sí èbúté. Ẹ jẹ́ kí a yẹ orin mẹ́ta wò, ọ̀kan láti Gánà, ọ̀kan láti Gúúsù Áfíríkà, ọ̀kan láti Kamẹrúùnù. Gbogbo ayé ni ó ti jó sí wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ohun tí ojú àwọn tí ó kọ wọ́n rí.

YAA AMPONSAH

Ní ọdún 1928, àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957, kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Kumasi Trio ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Olórí wọn ni Jacob Sam, ọmọ Fante, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Kwame Asare. Ọ̀kan nínú orin tí wọ́n kọ ní ọdún náà ni “Yaa Amponsah.” Yaa ni orúkọ tí àwọn Akan ń sọ ọmọbìnrin tí a bí ní Ọjọ́bọ̀, ẹwà obìnrin tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni orin náà sì ń yìn.

Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni Sam ti kọ́ gìtá. Rárá o. Atukọ̀ kan, ọmọ Kru láti Làìbéríà, ni ó kọ́ ọ. Àwọn Kru wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń ná gbogbo etíkun wa. Bí wọ́n ti ń gúnlẹ̀ láti èbúté dé èbúté ni wọ́n ń gbé gìtá dání, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta okùn rẹ̀ lọ́nà tí ó jẹ́ tiwọn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn Sam tí a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, olùkọ́ kan wà tí kò sí nínú àwo rárá.

Ọ̀nà tí gìtá ń tọ̀ nínú orin yìí di òpópó tí àìmọye olórin háíláìfù gbà kọjá. Títí di òní, ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ta gìtá háíláìfù ní Gánà gbọ́dọ̀ mọ Amponsah.

Ní 1990, Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, lo ohùn orin náà nínú “Spirit Voices,” tí ó wà nínú àwo rẹ̀, The Rhythm of the Saints. Gánà ti ṣe òfin ní 1985 pé ìjọba ni ó ni orin àti àṣà ìbílẹ̀ ní orúkọ gbogbo ènìyàn. Simon kò sá fún gbèsè; ó san owó fún Gánà. Inú wa dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Àwọn kan ní ohùn náà ti wà lẹ́nu ará ìlú kí Sam tó kọ ọ́. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ Sam ni. Bí a bá ti pe orin ní ti gbogbo ayé, kí ni ó kù fún ìdílé olórin?

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní 2005. Òfin tuntun fi orin ìbílẹ̀ sí ọwọ́ Ààrẹ Gánà gẹ́gẹ́ bí alámòójútó fún àwọn ènìyàn, ó sì béèrè pé kí ọmọ Gánà pàápàá gba àṣẹ kí ó tó fi orin bẹ́ẹ̀ ṣòwò. Àwọn olórin pariwo. Ajá tí a rà kí ó máa gbó àlejò ti ń gbó onílé.

MBUBE

Mbube ni àwọn Zulu ń pe kìnnìún. Ní 1939, Solomon Linda, òṣìṣẹ́ tí ó ń di àwo sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ Gallo ní Johannesburg, kọ orin kan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds. Ṣílè mẹ́wàá ni ó gbà, ó sì fi ẹ̀tọ́ lórí orin náà sílẹ̀. Àwọn baba wa ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ́n.

Àwo náà dé ọwọ́ Pete Seeger ní Amẹ́ríkà. Kò gbọ́ Zulu, nítorí náà “uyimbube” di “Wimoweh” lẹ́nu rẹ̀, orúkọ ìṣìgbọ́ yìí ni ẹgbẹ́ rẹ̀, The Weavers, sì fi gbé orin náà jáde. Ní 1961, ẹgbẹ́ The Tokens kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pè é ní “The Lion Sleeps Tonight,” ó sì gba ayé kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Linda kú nínú òṣì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí òkúta tó dé orí ibojì rẹ̀. Ní 1994 a tún gbọ́ orin náà nínú sinimá The Lion King, owó sì ń wọlé fún àwọn tí kò mọ ìdílé rẹ̀.

Ní ọdún 2000, oníwèé ìròyìn kan, Rian Malan, tú àṣírí náà. Àwọn agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ sí tú ìwé òfin, ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí ni wọ́n sì ti rí ìgbàlà: òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin náà sọ pé bí òǹkọ̀wé tàbí olórin bá tilẹ̀ ta iṣẹ́ rẹ̀, ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ẹ̀tọ́ náà yóò padà sọ́dọ̀ àwọn àrólé rẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dìde, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ní 2006: àwọn ọmọ Linda gba ìpín wọn, a sì kọ orúkọ baba wọn sára orin náà. Òfin yìí kan náà ni ó de Nàìjíríà títí di 1970. Àwọn amúnisìn gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí ojú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni a sọ fún pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn?

SOUL MAKOSSA

Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ní 1972, Kamẹrúùnù gba àlejò ìdíje ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní kí Manu Dibango, ọmọ Duala, kọ orin fún un. Ó kọ ọ́. Ó kù ẹ̀yìn àwo, ó fi orin mìíràn kún un, ìyẹn “Soul Makossa.” Kamẹrúùnù kò gba ife náà, orin bọ́ọ̀lù sì di ìgbàgbé, ṣùgbọ́n orin ẹ̀yìn àwo dé Niu Yọ́ọ̀kì ní 1973, ó sì di ijó gbogbo ayé.

Ní 1982, Michael Jackson lo ègbè rẹ̀ nínú àwo Thriller láì gba àṣẹ. Dibango gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n sì san owó fún un láì dé ìdájọ́. Nígbà tí Rihanna tún lo ègbè yìí ní 2007, ọwọ́ Jackson ni wọ́n ti gba àṣẹ, bí ẹni pé alágbàtọ́ ni ó bí ọmọ! Títí Dibango fi kú ní 2020, kò dákẹ́ lórí ohun tí í ṣe tirẹ̀. Kí ni ó mú kí tirẹ̀ sàn ju ti Linda lọ? Orúkọ rẹ̀ wà lórí àwo, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà láàyè láti sọ̀rọ̀.

IṢẸ́ WÀ FÚN ẸNI TÍ Ó MỌ̀WÉ

Òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbèjà orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ kan ẹ̀yin olùkọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní orin àtijọ́, ẹ bá a wádìí ẹni tí ó kọ ọ́, ìlú rẹ̀, ọdún tí a kọ ọ́, àti ẹni tí ó lu ìlù sí i. Ẹ rán an sí bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ nílé. Kí ó kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà sí ilé-ìwé. Ẹ sì kọ́ ọmọ tí ó bá ní ẹ̀bùn orin pé kí ó má ṣe tọwọ́ bọ ìwé tí kò kà.

Orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira ilẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó kọ orin rẹ̀, ìdajì òmìnira ni ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a dá ìbà padà sí ipò rẹ̀.