Ọ̀pá Epo Tí Ó Gba Ilẹ̀ Méjì Kọjá

Ẹni tí ó bá ti gba Àgbádárìgì kọjá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́ yóò mọ Sèmè. Létí òkun níbẹ̀ ni ọ̀pá irin ńlá kan ti parí ìrìn rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Agadem, nínú aṣálẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Niger. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ní aládùúgbò.

Ilẹ̀ Niger ní epo rọ̀bì, ṣùgbọ́n kò ní òkun. Ilẹ̀ Benin, tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Dàhòmì, ní òkun, ó sì ń fẹ́ owó-orí epo tí yóò gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 2019 ni àwọn méjèèjì bá CNPC, ilé-iṣẹ́ epo ti ìjọba Ṣáínà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. A ṣírò rẹ̀ pé ọ̀pá náà yóò lè gbé 90,000 àgbá epo lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ náà tó parí, ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ọmọ-ogun Niger fi ipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Àjọ ECOWAS bínú, wọ́n sì ti ẹnubodè mọ́ Niger. Nígbà tí àjọ náà mú ìjìyà yìí kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, Benin ṣe tán láti ṣí ààlà, ṣùgbọ́n Niger kọ̀, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí Benin. Ní oṣù karùn-ún, Ààrẹ Patrice Talon ti Benin fi èsì fún un: ọkọ̀ kankan kì yóò gbé epo Niger ní Sèmè. Àwọn alárinà bẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gbé epo nínú oṣù kan náà. Kò pẹ́, Benin mú àwọn ará Niger kan ní Sèmè. Niger náà ti ẹnu ọ̀pá pa ní oṣù kẹfà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àwọn ajàjàgbara tí ń fẹ́ kí a tú Bazoum sílẹ̀ ba ọ̀pá náà jẹ́. Oṣù kẹjọ ni epo tó tún ń ṣàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé dunni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Niger ti gba 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ CNPC, epo tí yóò tà ni yóò sì fi san án. Ó dà bí àgbẹ̀ tí ó ti gba owó iṣu tí ó ṣì wà nínú ebè, tí odò sì kún dí ọ̀nà ọjà mọ́ ọn. Gbèsè kì í sùn. Ní Malanville, níbi tí odò Ọya ti pààlà ilẹ̀ méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn oníṣòwò fi ń sọdá nígbà tí a ti afárá pa. Àwọn tí kò rí owó epo rí ni ó jẹ ìyà ìjà náà.

Lójú tiwa, kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ láti ri irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a ti yan ẹni tí yóò parí ìjà nígbà tí ìjọba bá yí padà. A lè fi owó ra irin, kí a sì jó o pọ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ìfọkàntán láàárín aládùúgbò kì í yá tó bẹ́ẹ̀.